Kẹ́ẹ̀gì Epo Nínú Yàrá Fúláwà

Ilé Oníbúrẹ́dì,
Ọ̀nà Ìlórò,
Ìjerò-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Keje, 1983.

Adéfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Ọláńrewájú, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ara yín nínú àlàáfíà, kí ó bá oúnjẹ lórí tábìlì yín, kí ó sì bá ẹ̀rín lẹ́nu àwọn ọmọ. Ní tèmi, ara mi le. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí lọ́jọ́sí ti fúyẹ́. Bánkọ́lé ọkọ mi ń lọ sóko kòkó rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, Káyọ̀dé ọmọ wa sì ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí mo bá dá bírò dúró síbí yìí, wàá rò pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe wá. Nǹkan wà, Fúnkẹ́. Jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó ka èyí tó kù.

Nínú lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, o ní kí n bá ọ kí gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ Alágogo, kí n sì sọ fún wọn pé agogo wa ṣì ń dún létí rẹ lókè ọ̀hún. Mi ò tíì jíṣẹ́ yẹn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Ẹni tí mo fẹ́ jẹ́ ẹ fún ni mi ò rí mọ́.

Jẹ́ kí n tún ìtàn wa sọ fún ọ, kì í ṣe nítorí pé o kò mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe pé èmi fúnra mi fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí àwọn ológun yọ̀ǹda pé kí a tún máa ṣe ìṣèlú, èmi, ìwọ àti Victoria aránṣọ la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Alágogo lẹ́yìnkùlé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì. Búrẹ́dì tí kò tà la fi ń ṣe àwọn obìnrin lálejò. Ẹnì kankan kò rán wa níṣẹ́. Ọmọ tí Victoria kọ́kọ́ bí ló kú sọ́nà Arámọkọ, níbi tí wọ́n ti ń gbé e lọ bá dókítà, ìyẹn ló mú kí ó dìde. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ọjà Ayétòrò: “Ẹgbẹ́ tó bá máa kọ́ ilé ìgbẹ̀bí síbi tí ẹsẹ̀ aboyún lè gbé e dé, òun ni èmi ń bá lọ.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọjà pa lọ́lọ́. Lọ́jọ́ náà, bí o bá bi ọmọ kékeré tó ń ta omi nínú ọjà yẹn léèrè ohun tí ẹgbẹ́ Alágogo dúró fún, á sọ fún ọ.

Wọ́n sì kọ́ ilé ìgbẹ̀bí náà. Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹgbẹ́. Ó wà lọ́nà Ìlórò níhìn-ín, mo lè rí òrùlé rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi. Ẹgbẹ́ ló jẹ́ kí Káyọ̀dé rí iṣẹ́ tíṣà. Ẹgbẹ́ ló ń bá mi wá ìwé àṣẹ tí mo fi ń gba fúláwà láti ọdún tí ó ti di ohun ọ̀wọ́n. Nítorí náà, ẹnu mi wúwo láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

O rántí ọjọ́ tí a lọ polongo ní Arámọkọ nínú lọ́rì Bùràímọ̀, ará Ìkirun tó fẹ́ Bọ́sẹ̀ ọmọ ìlú wa. Lásúnkànmí, oníkòkó ńlá yẹn, wà nínú ẹgbẹ́ kejì nígbà náà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì sọ òkúta lù wá. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ fọ́ sí Bùràímọ̀ lójú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó fi ojú kan ṣoṣo wakọ̀ títí a fi délé, ó sì ń pariwo sí wa lẹ́yìn pé, “Ẹ má sunkún, ẹ̀yin ìyá, orin ni kí ẹ kọ!” Ìwọ lo bá a fi aṣọ orí rẹ di ojú rẹ̀. Àpá náà kò tíì kúrò lókè ojú rẹ̀ dòní.

Ó dára. Lásúnkànmí ti wọ ẹgbẹ́ wa. Òun ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn ọmọ tó sọ òkúta lù wá ló wọ ẹ̀wù tí a ya agogo sí láyà, àwọn ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìpàdé, bí mo bá sì dé, àwọn ló máa ń bi mí pé, “Ìyá, ta lẹ wá rí?” Mo sọ ọ́ fún Victoria. Ó ní, “Christiana, ọkùnrin náà ti yípadà ni.” Mo ní mo gbà, ènìyàn lè yípadà. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi ìpolongo. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn náà ló ń sọ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀wù nìkan ló pààrọ̀. Mo wá ń bi ara mi pé bí òun kò bá yípadà, ta ló yípadà nínú òun àti ẹgbẹ́?

Bùràímọ̀ ńkọ́? Òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀tá báyìí. Ohun tó ṣe kò ju pé ó kọ̀ láti kó àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá láti ìta lọ da ìpàdé ẹgbẹ́ kejì rú ní Ẹ̀fọ̀n. Ó ní, “Ẹrù àti èrò ni mò ń kó, mi ò kó ìjà.” Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kọrin níwájú ilé rẹ̀. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà tó dé ìlú yìí ń pè é ní àlejò tó fẹ́ gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì epo tó wọ ilé mi. Tíṣà Ayọ̀bọ́lá ni alága wa títí di ìsinsìnyí. O mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló kọ́ Káyọ̀dé ní ìwé, òun ló ń bá wa kọ ọ̀rọ̀ tí a ó sọ, òun náà ló sunkún níṣojú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí. Kò dá rìn mọ́. Bó bá ń bọ̀, àwọn ọmọ á ti ṣáájú, àwọn mìíràn á sì tẹ̀lé e. Nínú oṣù Kẹfà, ó gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù wá sẹ́yìnkùlé mi ní ọ̀sán, wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Káyọ̀dé, mo gbọ́ pé fúláwà kò wọlé, yàrá ìkẹ́rùsí yín ṣófo. Ẹ bá wa gba ẹrù díẹ̀ pamọ́. Epo ìrìnàjò ìpolongo ni.” Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá, wọ́n tò ó dé ìdajì ògiri. Mo ní, “Tíṣà, ògiri yìí ló pààlà láàárín yàrá yẹn àti ààrò mi o. Iná ni mò ń dá níbẹ̀ ní àràárọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdí tí òun fi yan ilé mi gan-an nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó máa ronú pé oníbúrẹ́dì á tọ́jú bẹntiróòlù. Ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ fún mi, ó mú èkejì lọ.

Mo dúró de ìrìnàjò náà. Wọ́n lọ sí Ìlórò, wọ́n lọ sí Ayétòrò, wọ́n lọ sí Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n. Àwọn dírẹ́bà tò fún epo ní ilé epo títí òòrùn fi kàn wọ́n lórí, ẹnì kankan kò wá bu epo lọ́dọ̀ mi. Òórùn rẹ̀ wọ inú fúláwà ìwọ̀nba tó kù. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá búrẹ́dì padà. Mo pa ààrò yẹn tì, mo fi bíríkì mọ òmíràn lábẹ́ igi máńgòrò, síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá ṣáná.

Nígbà tí ìpolongo parí, tí epo ṣì wà bí wọ́n ṣe tò ó, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Lásúnkànmí jókòó síwájú, Tíṣà jókòó tì í. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó máa dúró ní ibùdó ìdìbò, wọ́n sọ ti ẹni tó máa tẹ̀lé àpótí ìbò. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ilé ìgbẹ̀bí kò ní oògùn mọ́, pé abẹ́là ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbẹ̀bí. Mo nàwọ́ sókè. Mo ní, “Tíṣà, ẹ má bínú. Kí ni ẹgbẹ́ wa dúró fún lónìí?” Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, “Ìyá Káyọ̀dé, a dúró fún kí a wọlé.” Mo ní, “Bí a bá wá wọlé ńkọ́?” Ó ní, “A ó dúró fún kí ẹnì kan má lè lé wa jáde.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wo Victoria, ó ń wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé túká, mo bá Tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ epo. Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní, “Ẹ ṣì máa tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá ka ìbò tán. Bí wọ́n bá kà á dáadáa, a ó bu ú sínú mọ́tò, a ó fi yí ìlú ká, a ó yọ̀. Bí wọn kò bá kà á dáadáa...” Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọlé, ó ti í. Kò parí gbólóhùn náà, Fúnkẹ́. Mo rìn délé, mo ń wá bí mo ṣe máa bá a parí rẹ̀ lọ́nà tó dára, mi ò rí i.

Káyọ̀dé ló parí rẹ̀ fún mi láìmọ̀. Ó ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rìn, o mọ bí ọmọ náà ṣe fẹ́ràn Tíṣà. Ó ń jẹun lọ́wọ́, mo ń kó búrẹ́dì Bọ́sẹ̀ sọ́tọ̀ bí mo ti máa ń ṣe, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀: “Mọ́ọ̀mi, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ka ìbò, ẹ má rán ẹnikẹ́ni ní búrẹ́dì lọ sílé Bùràímọ̀ o.” Mo ní kí ló dé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo. Ó ní, “Ẹ má kàn rán ẹnikẹ́ni lọ.” Ó fọwọ́, kò jẹ ẹran tó kù. Káyọ̀dé tí ó máa ń fi ẹran sílẹ̀ jẹ gbẹ̀yìn láti kékeré, ó fi ẹran sílẹ̀ lọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. O mọ Bánkọ́lé, kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bí a bá ń ṣe ìpàdé lẹ́yìnkùlé, oko ló máa ń gbà lọ. Ó ní, “Ulé wa ni epo yẹn wà. Ẹni yòówù kó ṣáná sí i, ulé wa ló ti jáde.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Bùràímọ̀ nílò epo.” Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí n tó mọ̀ pé epo yẹn gan-an ló fẹ́ kí wọ́n fi sá kúrò nílùú.

A lọ sílé wọn ní ọjọ́ kejì, a díbọ́n bí ẹni ń lọ béèrè igi ìdáná, nítorí Bùràímọ̀ ló máa ń fi lọ́rì bá mi kó igi. A sọ ohun tí a mọ̀. Bùràímọ̀ fi ọwọ́ pa àpá ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹgbẹ́ tí mo fi ojú mi ṣe?” Bọ́sẹ̀ ló gbaná jẹ. Ó ní, “Ìjerò ni wọ́n bí mi sí. Ibojì bàbá mi wà lẹ́yìn ilé yìí. Ta ló fẹ́ lé mi ní ìlú mi? Ṣé Lásúnkànmí ni?” Ó ní òun kò lọ síbì kankan, pé kí wọ́n wá bá òun nínú ilé. Mi ò bá a jà. Mo ní kí ó kàn wá bá mi mú búrẹ́dì nílé. Nígbà tó dé, mo ṣí yàrá fúláwà, mo ní kí ó wọlé. Ó dúró síbẹ̀, ó fi imú fa òórùn náà, ó na ọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, ó kan òmíràn. Ó bọ́ gèlè rẹ̀, ó fi bo imú, ó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lábẹ́ igi máńgòrò. Lẹ́yìn náà ló ní, “Àwọn ọmọ mi ńkọ́?” Mo ní, “Nítorí wọn ni.”

Ọjọ́ Ìsinmi ni Bùràímọ̀ kó aya àti ọmọ lọ sí Ìkirun, nígbà tí ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù rẹ̀ wá bí ẹni wá já igi, ó sì ti kó igi díẹ̀ sí i lóòótọ́. Bánkọ́lé fi àrọ da epo sínú táńkì títí ó fi kún, èyí tó kù, wọ́n kó o pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó àti sáàárín igi. Orin ìyìn ń dún láti ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì ń kọ ọ́ lábẹ́nu bí mo ṣe ń na kẹ́ẹ̀gì sí wọn. Kí wọ́n tó lọ, Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ nínú eruku níwájú mi. Mo ní kí ó dìde. Ó ní òun kò fi aṣọ olówó iyebíye kankan sílẹ̀, pé koríko orí ibojì bàbá òun nìkan ni kí n máa bá òun fà. Mo ti lọ fà á ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ti dábùú ọ̀nà Arámọkọ pẹ̀lú igi, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò. Mi ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí jẹ́ kí Bùràímọ̀ gba ọ̀nà yẹn. Ọ̀sán ni Káyọ̀dé wọlé. Kò kí mi. Ó gba iwájú mi kọjá sí yàrá fúláwà, ó ṣí i, ó bá a ní òfìfo. Ó jókòó sílẹ̀ nínú fúláwà tó dà sílẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó dára tó wọ̀. Ó ní, “Mọ́ọ̀mi, èmi ni mo gbé igi náà sókè fún wọn.” Ó ní òórùn epo ló kọ́kọ́ kan òun, lẹ́yìn náà ni òun rí ọmọ Bọ́sẹ̀ tó kéré jù, tó ń wò láàárín igi ìdáná. Ọmọ náà ju ọwọ́ sí i, ó ní, “Búọ̀dá Káyọ̀dé!” Àwọn tó kù bi í pé kí ló wà nínú lọ́rì. Ó ní igi ìyá òun ni. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, ó yẹra. Ó ní kí n má tíì dúpẹ́.

Ọjọ́rú ni Tíṣà wá. Ó wo inú yàrá náà, ó wò mí. Ó ní, “Ìyá Káyọ̀dé, epo dà?” Mo ti pinnu pé mi ò ní parọ́. Mo ní, “A ti lò ó.” Ó ní, “Fún kí ni?” Mo ní, “Fún ìrìnàjò. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé epo ìrìnàjò ni.” Bánkọ́lé dúró lẹ́yìn mi, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Mo ń retí ariwo. Fúnkẹ́, ì bá dára kí ó pariwo. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lápò, ó gbé e lé orí àpò fúláwà, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.” Ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, ìwé àṣẹ fúláwà kò jáde fún mi mọ́. Àwọn tó ń kọjá níwájú ilé ń kí mi láìdúró. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ fún Káyọ̀dé pé kí ó má wá sí kíláàsì mọ́ títí ìdìbò yóò fi kọjá.

Ìfarabalẹ̀ ọkùnrin yẹn ló ń dà mí láàmú. Mo sọ ọ́ fún Káyọ̀dé, mo ní, “Epo tó pọ̀ tó yẹn, kò tilẹ̀ bínú.” Ọmọ náà wò mí bí ẹni ń wo ọmọ kékeré. Ó ní, “Mọ́ọ̀mi, ta ló sọ fún yín pé ilé wa nìkan ni wọ́n kó o sí?”

Fúnkẹ́, mi ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà yẹn. Bí mo bá ń rìn nínú ìlú, ilẹ̀kùn ni mò ń wò. Ilé tí mo ti jẹun, ilé tí mo ti bá wọn sìnkú, mo ń bi ara mi pé kí ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Gbogbo wọn ń sọ pé ẹgbẹ́ wa á wọlé, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọdọ̀ sọ nǹkan mìíràn. Mo ṣì ní káàdì ẹgbẹ́ mi. Bí o bá bi mí pé kí ló dúró fún, mo lè sọ ohun tó dúró fún nígbà tí èmi, ìwọ àti Victoria jọ ń pín búrẹ́dì gbígbẹ. Tòní, mi ò lè sọ ọ́ fún ọ láìbẹ̀rù ohun tí ẹnu mi máa sọ.

O lè ní kí a máa bọ̀ ní Kàdúná. Bánkọ́lé ní òun kò lè fi kòkó sílẹ̀, èmi náà kò sì lè fi Bánkọ́lé sílẹ̀. Káyọ̀dé ni mo bẹ̀ pé kí ó lọ, ó ní bí òun bá lọ, ta ni yóò gbé igi sókè fún ẹlòmíràn. Mo ti pinnu pé n ó lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ilé dé ilé, n ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń bá wọn tọ́jú. Obìnrin ló ni yàrá ìkẹ́rùsí nínú ilé. Bí obìnrin kọ̀ọ̀kan bá da tirẹ̀ nù, mo rò pé ìlú yìí lè la oṣù Kẹjọ, oṣù ìdìbò, já. Ọ̀dọ̀ Victoria ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ tí ọjà ń dákẹ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn burúkú nípa ara wa. Kí ó máa ṣọ́ ọkọ rẹ lójú irin, kí ó dá àwọn ọmọ sí fún ọ, kí ojú wa tún ríra nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ pé. Bí ìwé mi bá pẹ́ kó tó tún dé, má ṣe ronú jìnnà, gbàdúrà ni kí o máa gbà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ dàgbà,
Christiana, Ìyá Káyọ̀dé.

Àfikún: Mi ò tíì lẹ lẹ́tà yìí nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ Victoria ní àárọ̀ yìí. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí a ti mọra, kò dá mi dúró síta rí. Kí n tó béèrè ohunkóhun, ó ní, “Kò sí nǹkan kan ní ulé mi, Christiana.” Mo wà níbi àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, òun wà lókè, ibi tí mo dúró sí náà ni mo ti ń gbọ́ òórùn bẹntiróòlù lára ìró tó ró.